Èmi Ni Mo Pa Rásíbẹ́rì Màmá, Kì Í Ṣe Nímọ́tà

Ebè rásíbẹ́rì kan kú ní àdúgbò South Shore ní Chicago ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó ilé kan sì pàdánù orúkọ rere rẹ̀ nítorí rẹ̀. Èmi nìkan ni mo pa èkíní. Ìkejì, àwa mẹ́ta la jọ bà á jẹ́, a sì tún fi ìwé tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kò kọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo ti sọ òtítọ́ náà níbi tó yẹ kí n ti sọ ọ́, wọ́n sì ní kí n gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Chicago. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àsàlátù wa. Alhaja Sàfúrátù, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni aládùúgbò mi. Fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé tiwọn àti tèmi. Nímọ́tà ni ìyàwó ọmọ wọn ọkùnrin, ọ̀dọ̀ wọn sì ni tọkọtaya náà ń gbé nígbà náà.

Fún ẹni tí kò bá mọ rásíbẹ́rì, èso pupa kékeré kan ni. Inú rẹ̀ ṣófo bí fìlà, ó sì tètè máa ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ẹ̀gún. Ọ̀pá tó bá yọ lọ́dún yìí, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò so. Tó bá so tán, yóò kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yóò ti yọ láti inú gbòǹgbò kí ó tó lọ.

Màmá kì í fi kẹ́míkà kankan sí tiwọn. Èèpo ẹyin, ewé jíjẹrà àti èérún igi ni wọ́n fi ń bọ́ ilẹ̀ náà. Nígbà ooru, tí wọ́n bá ti kírun Súbúù tán, wọ́n á gbé abọ́ omi ọṣẹ jáde, wọ́n á máa ṣa kòkòrò kúrò lára ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á gbé èso náà wá sí àsàlátù fún àwọn ọmọdé. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí mo fín sí i."

Àwọn ọmọ rásíbẹ́rì yìí máa ń gba abẹ́ fẹ́ǹsì yọ sínú koríko mi. Màmá ti sọ fún mi tipẹ́. "Apòògùn, tó bá ti yọ sọ́dọ̀ rẹ, pè mí. Màá wá hú u. Mo lẹ́ni tí mo fẹ́ fún."

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ilé mi ni àsàlátù kàn. Orí koríko ẹ̀yìnkùlé la fẹ́ tẹ́ ẹní sí. Ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àyíká ti rí láàárín wa: àlejò kò gbọdọ̀ bá igbó nílé ẹni. Ẹ̀gún sì ti yọ gan-an níbi tí àwọn àgbà yóò forí kanlẹ̀ sí.

N kò pe Màmá. Mo ra oògùn apakoríko, mo sì fín in sí àwọn ọmọ náà. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó bá ti yọ sórí ilẹ̀ mi, tèmi ni.

N kò ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìgò. Èmi, tí mo máa ń bá àwọn aláìsàn wí lójoojúmọ́ pé wọn kì í ka ohun tó wà lára oògùn wọn, n kò kà á.

Àsàlátù náà lọ dáadáa. Àwọn àgbà yin ẹ̀yìnkùlé mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ewé rásíbẹ́rì Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì lọ sápá kejì. Kí oṣù náà tó parí, gbogbo ebè náà ti gbẹ bí igi ìdáná.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fín oògùn náà gan-an ni Nímọ́tà bá wa fọ àwọn ẹní ìkírun nínú ọgbà Màmá. Ó fi bílíìṣì sínú omi kí wọ́n lè funfun. Màmá rí i nígbà tó gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Nígbà tí igi kú, wọn kò wá ẹlòmíràn. Nímọ́tà ní ojú gọ́tà ẹ̀yìn ilé ni òun da omi náà sí. Màmá ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo náà sì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ olùlàjà ẹgbẹ́. Ẹni mẹ́ta ni wá: Alága ẹgbẹ́, Baba Adínì, àti èmi akọ̀wé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjókòó náà, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo lọ sí gáráàjì, mo gbé ìgò oògùn, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín in sí ọmọ igi tí ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ yè, torí oògùn náà yóò gba inú gbòǹgbò dé ọ̀dọ̀ ìyá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Alága lọ síbi ìjókòó lọ́jọ́ náà. A kò tíì jìnnà tí mo fi jẹ́wọ́ fún wọn.

"Akọ̀wé, ta ló tún gbọ́?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ pa á mọ́ra. Tí wọ́n bá gbọ́ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ló pa ọ̀gbìn Màmá, ẹgbẹ́ á tú. Ìyàwó ilé ni Nímọ́tà. Á kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ìkúnlẹ̀ ò pa ìyàwó rí."

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n yí mọ́tò náà padà. N kò yí i padà. Kí n má purọ́ fún yín, ara tù mí nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ìjókòó náà kò pẹ́. Kò sí ẹni tó tẹ̀lé Nímọ́tà lọ wo ojú gọ́tà tó ń sọ. Nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé, Baba Adínì ní ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ jiyàn. Èmi ni mo kọ ìdájọ́. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú èdè tó dán, mo pe ohun tí kò ṣe ní àìbìkítà, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀ fún Màmá níwájú gbogbo obìnrin àsàlátù. Kò sunkún. Ojú ẹní tó fúnra rẹ̀ fọ̀ ló ń wò.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń pè é ní Ìyàwó Oníbílíìṣì. Màmá kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Kí òtútù ọdún náà tó wọlé, òun àti ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Woodridge, ìlú kékeré kan nítòsí Chicago. A kò rí i ní àsàlátù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kí Màmá láàárọ̀ lórí fẹ́ǹsì náà, tí mo sì ń dákẹ́.

Nígbà ooru tó kọjá yìí, mo gbé ọmọbìnrin mi lọ sí ọjọ́ ìbí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ní Woodridge. Níbi tí a gbé mọ́tò sí ni mo ti pàdé Nímọ́tà. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ní kí a gòkè wá mu omi.

Báàkẹ́ẹ̀tì ńláńlá márùn-ún ló wà ní bákónì rẹ̀. Rásíbẹ́rì ló wà nínú gbogbo wọn, wọ́n so bámúbámú. Ó já díẹ̀ fún ọmọ mi.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ti Màmá ni. Mo ti hú méjì sínú báàkẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kan níbi iṣẹ́ kí tilé tó kú, onítọ̀hún ò wá gbà á. Ni mo bá gbé e dání. Kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀ o. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣa kòkòrò, bí Màmá ṣe kọ́ mi."

Ẹni tí a fi ẹ̀sùn kan pé ó pa á ló ń tọ́jú rẹ̀. N kò lè gba ti ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró.

Ó tún já èso kan fún ọmọ mi. "Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yẹn, àbí? Ó dùn ún kà gan-an. Ọkọ mi ní àfi bíi ti lọ́yà. Ẹ lọ sọ fún Màmá. Ẹ má sọ fún èmi nìkan. Èmi ti mọ̀ pé mi ò ṣe é."

Mo sọ fún Màmá lọ́jọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn kò ní kí n dìde.

"Apòògùn, o wò mí níran tí mo fi ẹnu ara mi ba ọmọ mi jẹ́."

Mo ní màá gbé wọn lọ bá Nímọ́tà.

Ní Sátidé, mo gbé wọn lọ sí Woodridge. Bí Nímọ́tà ti ṣílẹ̀kùn, Màmá fẹ́ kúnlẹ̀. Ó yára gbá wọn mú ní apá. "Màmá, ẹ má dán an wò. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún pe ìgbìmọ̀ lé mi lórí ni?" Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Wọ́n jẹ oúnjẹ Nímọ́tà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún bu sí i.

Báàkẹ́ẹ̀tì méjì bá wa padà. A gbin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná Màmá, níbi tó jìnnà sí fẹ́ǹsì mi. Ọ̀pá tuntun ti yọ, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, àwọn ọmọdé yóò tún jẹ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Nímọ́tà ń wá wò ó ní Sátidé. Màmá sì ti dá sẹ̀ríà tèmi fún mi: èmi ni mò ń wá ṣa kòkòrò lẹ́yìn Súbúù, pẹ̀lú abọ́ omi ọṣẹ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí a pa á rẹ́, kí a sì sọ òtítọ́ níwájú àwọn tó rí ìkúnlẹ̀ náà. Baba Adínì ní òun kò rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Alága ní, "Ẹni tó kúnlẹ̀ ti dìde, Akọ̀wé. Kí lẹ tún ń wá?"

Nímọ́tà, níwájú gbogbo ayé, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ẹ̀yin òǹkàwé, tí ẹ bá gbọ́ orúkọ Oníbílíìṣì tí wọ́n sọ ọ́ níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ni mo pa igi náà.

Èmi ti dáhùn tèmi. Baba Adínì, ẹ sọ fún wa ìdí tí ẹ kò fi jẹ́ kí ó ṣàlàyé. Alága, mo sọ fún yín kí a tó jókòó pé èmi ni mo pa á. Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n kọ orúkọ Nímọ́tà? Ẹ wá dáhùn lọ́jọ́ Àìkú, níwájú àwọn obìnrin tó rí i lórí eékún rẹ̀.