Òòrẹ̀ Ni Òòrẹ̀

Mi ò jókòó! Gerrit, gbé àga yẹn kúrò níwájú mi, mi ò wá jókòó, mi ò sì wá mu kọfí. O ti bù ú tán? Gbé e síbẹ̀. Wò mí lójú. O mọ̀! O mọ̀, o sì dákẹ́! Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́, ìwọ tí o ò mọ ìyàtọ̀ láàárín kìnnìún ara asà tó dìde dúró àti kìnnìún tó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tó o kọ́kọ́ dé inú ẹgbẹ́ yìí, ìwọ lo mú fọ́ọ̀mù ọkọ mi, o lẹ téèpù mọ́ orúkọ rẹ̀, o kó o mọ́ mẹ́rìnlá mìíràn, o fi ránṣẹ́ sí mi, o wá jókòó sílé rẹ níbí, ò ń họ imú, ò ń retí ìgbà tí màá fi bírò gún ọkọ mi pa!

Òfin. Mo mọ̀ pé òfin ni, má wulẹ̀ sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń yẹ àmì ara asà wò kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ni àmì. Ta ló dá òfin yẹn sílẹ̀? Èmi ni! Èmi Lorna Prchal ni mo dìde nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná, tí mo ní ojúsàájú ti pọ̀ jù láàárín wa, kí wọ́n máa bo orúkọ. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Ìwọ gan-an pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ fi pọ́n. Ẹnì kan ò wá lè fà mí létí lọ́jọ́ náà pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀?

Ọdún méjìlélógún, Gerrit! Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń jókòó sábẹ́ àgọ́ yẹn lórí pápá, tí ẹ̀yin ń wọ ẹ̀wù àwọn ará ìgbàanì kiri, tí ẹ̀ ń fi igi lu ara yín lórí, tí ẹ̀ ń pe ara yín ní ọlọ́lá àti baálẹ̀, tí a bá sì ti ṣí ìbòrí orí kúrò, kí la rí? Oníṣègùn eyín àti ẹni tó ń ta irúgbìn àgbàdo. Èmi ń wo àmì tí olúkúlùkù fẹ́ kùn sára asà rẹ̀. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn lórí àwọ̀ tó ṣókùnkùn? Padà sílé. Ó jọ ti ẹlòmíràn, kò sì ní ìyàtọ̀ méjì gbáko? Padà sílé. Brandt Oelke gbé ìkookò dúdú wá lórí àwọ̀ aró, ó ní ìkookò òru ni. Mo ní ó dáa, fi í sílẹ̀ nínú òru náà, torí kò sẹ́ni tó máa rí i níbẹ̀. Ṣé ẹ ò rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹnu mi yìí dùn létí yín nígbà náà, torí kò tíì kan ará ilé mi.

Ọdún méjìlélógún náà ni mo sì fi bẹ Milo. Milo, wá. Milo, wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. O mọ ohun tó máa ń sọ: "Lorna, mo ti bá màlúù ṣe láti àárọ̀, mi ò tún ní agbára láti bá ọba ṣe nírọ̀lẹ́." Iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ wàrà ni tirẹ̀, oko kan sí oko kejì. Ó máa já mi sẹ́nu ọ̀nà pápá pẹ̀lú àgọ́ mi, kò ní sọ̀ kalẹ̀, ó di ọjọ́ Sunday kó tó padà wá kó mi. Àwọn èèyàn ti ń rò pé mi ò lọ́kọ. Twila Hruska sọ ọ́ lójú mi, ó ní ọkọ mi dà bí ọ̀kan nínú àwọn ẹranko inú ìwé wa, gbogbo ayé ń kọ nípa rẹ̀, kò sẹ́ni tó fojú kàn án.

Ó wá fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹrin. Mo rí i pé ó ń wọ inú gáréèjì, ó ń ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ẹ̀rọ ìgékoríko ló ń tún ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ wo lèyí tó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Àṣé ọkùnrin náà ń yàwòrán. Ọkùnrin tí kò lè ya ilé kó má dà bí àpótí! Ó jókòó síwájú asà mi tó wà lára ògiri níbẹ̀, ó ń wò ó, ó ń yà á, ó ń pa á rẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ti Ọjọ́bọ̀ fún ẹ. Rárá, wàá gbọ́ ọ, ìwọ lo fà á. Mo se ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo se kábéèjì kíkan, mo ṣe búrẹ́dì sísè tí ìyá rẹ̀ kọ́ mi. Milo jókòó, ó mú lẹ́tà kan jáde, ó fi ọ̀bẹ bọ́tà ya á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ohùn rẹ̀ lọ tààrà, bí ẹni ń ka iye wàrà inú táńkì. "Ẹni tó ya èyí kò ronú. Asà ẹlòmíràn ló wò, tó dà kọ, kò sì mọ̀ ọ́n dà kọ. Ẹranko yìí jọ búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, tí wọ́n wá lẹ ẹsẹ̀ mọ́."

Gerrit, ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín! Mo gbá tábìlì! Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́! Kò dáa bí? Ibi búrọ́ọ̀ṣì yẹn, ó tó wákàtí kan kí n tó rí i! Níbo lo ti rí lẹ́tà yẹn? Ta ni òmùgọ̀ náà?"

Ó bu kábéèjì sí àwo rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni."

Háà! Ilẹ̀ ò lanu. Mo ń wá ilẹ̀ tó máa lanu, kò lanu. Mo ti àwo mi sẹ́yìn. Òun jẹ oúnjẹ tirẹ̀ tán, ó fọ àwo rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ó sì lọ sùn. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ mẹ́fà rèé, kò bá mi sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Minnesota, ó ní tí Sátidé tó ń bọ̀ bá dé, tí ẹ̀yin ń gbé asà yín kọ́ lórí pápá, inú ọkọ̀ ojú omi lòun máa wà, òun máa lọ pẹja, òun ò sì ní gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ yìí mọ́ láyé òun. Ọdún méjìlélógún ni mo fi pe ọkùnrin yìí, ó wá dáhùn, èmi náà ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú! Ó ń dùn mí, Gerrit. Mo ń pariwo nítorí pé ó ń dùn mí, kì í ṣe pé orí mi gbóná lásán.

Kí lo wí? Ìwé ìyọ̀ǹda? Ẹni tó ni àmì àkọ́kọ́ lè yọ̀ǹda fún ẹnì kejì? O ń kọ́ mi ní ohun tí mo fi kọ́ ẹ? Mo ti kọ ọ́! Ẹ̀dà mẹ́ta! Mo gbé e lọ bá a nínú gáréèjì bí ìránṣẹ́, mo ní, "Milo, èmi Lorna yọ̀ǹda." Ó kà á látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹ kí n tó wọ bàtà kọjá nínú ilé ìdáná, èyí, mi ò gbà á." Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó sì fi ìwé ìyọ̀ǹda mi tẹ́ abẹ́ agolo òróró ẹ́ńjìnnì.

Mo wá mú àwòrán náà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo wò ó dáadáa. Wò ó níbí, sún kọfí yẹn sẹ́yìn. Tèmi nìyí: òòrẹ̀ dúdú lórí wúrà, ó ń wo òsì, gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ nà ṣánṣán, bí ẹni fẹ́ gún ayé. Èyí ni tirẹ̀: òòrẹ̀ dúdú lórí wúrà, ó ń wo ọ̀tún. Tí wọ́n bá gbé méjèèjì kọ́ pọ̀, wọn á máa wo ara wọn lójú. Ìyàtọ̀ kan nìyẹn, mo kà á fún un nínú lẹ́tà mi, mi ò rẹ́ ẹ jẹ. Ó ku ọ̀kan. Wá wo ẹ̀gún rẹ̀. Rárá, wò ó, fi awò sójú. Ó sùn. Gbogbo rẹ̀ ló sùn sẹ́yìn, pẹlẹbẹ. Mo rò pé kò mọ̀ ọ́n yà ni! Ibẹ̀ ni mo ti rí búrọ́ọ̀ṣì!

Mo bi í. Mo ní, "Milo, kí ló dé tí ẹ̀gún tìẹ fi sùn?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀."

Gbólóhùn kejì nìyẹn. Mo jókòó sórí ẹ̀rọ ìgékoríko, mo sunkún bí ọmọdé.

Má sọ ọ́. Mo rí i lẹ́nu rẹ pé o fẹ́ sọ ọ́. Twila. Bẹ́ẹ̀ ni, Twila! Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, Twila gbé òòrẹ̀ wá, òòrẹ̀ dúdú lórí wúrà, ó ń wo ọ̀tún, ẹ̀gún rẹ̀ sùn. Ó ní ìyàtọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀ sí tèmi. Èmi sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìdájọ́ ẹgbẹ́ pé ẹ̀gún tó nà, ẹ̀gún tó sùn, kò sí ìyàtọ̀. Òòrẹ̀ ni òòrẹ̀. Mo fa ìlà sí i nísàlẹ̀! Ọmọbìnrin náà sunkún lọ sílé, ó di ẹni tó ń gbé ehoro kiri lórí asà títí dòní, kò sì kí mi dáadáa mọ́. Ṣé mo dájọ́ náà nítorí òfin? Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò kàn fẹ́ kí òòrẹ̀ ẹlòmíràn wà nítòsí tèmi ni. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọkọ mi ni mi ò mọ̀ pé ó máa bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo bá wá nìyí, má dá mi lẹ́nu dúró. Ìwọ ni olórí wa. Ṣí ìwé ìdájọ́ yẹn. Ojú ewé kẹtàdínlógójì, mi ò nílò kí o wá a, mo mọ̀ ọ́n lórí. Fa igi dábùú ìdájọ́ Lorna Prchal. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣìnà. Kọ "ṣìnà," má kọ "ó yẹ kí a tún gbé e yẹ̀ wò," mo mọ ẹ̀tàn ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ ọ́ pé òòrẹ̀ tó na ẹ̀gún àti òòrẹ̀ tó mú un sùn, ẹranko méjì ni wọ́n lójú ẹni tó bá ń bá wọn gbélé.

Twila ń kọ́? Twila á rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín kú. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, lójú àwọn oníbàárà! Mo ní òòrẹ̀ rẹ ń bọ̀, Twila, wá tún mú un wá, a máa wá ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Milo. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní òun ti fẹ́ràn ehoro òun, kò ní ẹ̀gún, kì í sì í kọ lẹ́tà. Mo gbà. Mo gbé e mì.

Ṣé o gbọ́ fèrè mọ́tò yẹn? Milo ni. Òun ló gbé mi wá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ o, ó kàn wo táyà mọ́tò mi tó ti jò, ó mi orí, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ó ti tó wákàtí kan tó ti wà níta. Kò mọ ohun tí mo wá ṣe, ó rò pé mo wá kó fọ́ọ̀mù mìíràn tí màá tún fi bú ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ìwọ náà, sọ òótọ́ fún mi, Gerrit. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Lorna tó na ẹ̀gún, Lorna tó mú un sùn, ṣé ọ̀kan náà ni?

O ò tíì rí èkejì rí? Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Gerrit, kọfí ń dànù sórí ìwé! Hẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀rín ti ń mú èmi náà, máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n máa kọ ọ́ bó o ti ń rẹ́rìn-ín, kọ ọjọ́ òní sí i, kí o sì fọwọ́ sí i kí n tó lọ pè é wọlé. Níbo lo wá gbé àga mi sí? Gbé e padà síbí. Gbé méjì.