Wọ́n Ní Kí N Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ yìn ín kó dún dáadáa, torí bí mo ṣe ń dúpẹ́ yìí náà ni inú ṣì ń bí mi. Dádì Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba máìkì.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Fèyí tó ń ta bọ́tìnnì àti sípù ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Arábìnrin kan ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ní ìnṣọ́ránsì kan, pé kò dìgbà tí mọ́tò bá forí gbárí, pé tó bá ti kàn kú lójú ọ̀nà, àwọn á wá fà á, àwọn á sì tún un ṣe. Ẹ̀yin náà mọ mọ́tò mi: òní fáànù, ọ̀la púlọ́ọ̀gì. Mo gbà. Ọjà tà o, kò tà o, mò ń san án lóṣooṣù. Ohun kan ni wọ́n tẹ̀ mọ́ mi létí: mẹkáníìkì tiwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹlòmíràn bá ṣí i, àwọn ò ní tún un ṣe mọ́ nìyẹn.

Àfi bí ìrọbí ṣe mú Fèyí. Mo lọ gbé e nílé ẹ̀ ní Ìgánmú, a forí lé hòsípítù ní Ìpọ̀nrí. Ó kù díẹ̀ ká dé ni mọ́tò kú fin-ín-fin-ín. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ sáré wá, ọ̀kan ti fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo kígbe mọ́ ọn, "Má fọwọ́ kàn án!" Wọ́n rò pé orí mi dàrú.

Mo pe àwọn onínṣọ́ránsì. Wọ́n ní, "Mummy, ẹ hold on." Wọ́n wá fi orin sí mi létí! Ọmọ mi ń ké lẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ń kọrin fún mi! Nígbà tí wọ́n dáhùn, wọ́n ń bi mí bóyá epo ló tán. Ẹ gbà mí o! Oníkẹ̀kẹ́ kan yọjú wo Fèyí, ó ní kò ní bímọ sínú kẹ̀kẹ́ òun, ló bá wa tiẹ̀ lọ.

Mo ju fóònù sílẹ̀. Mo ní, "Olúwa, ìwọ ni mò ń pè báyìí. Ìwọ má fi orin sí mi létí o!"

Mi ò tíì ṣe àmín tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn, Wásíù lorúkọ ẹ̀, fi ní, "Mummy, ṣé wọ́n ní ká má ti mọ́tò náà ni?"

Họ́wù! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo bọ́ sídìí sítíárìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Àwọn kan ń pe Jésù, àwọn kan ń pe Ọlọ́hun, wọ́n tì wá dé ẹnu géètì hòsípítù. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré jáde wá gbẹ̀bí Fèyí lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò. Ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Wọ́n ní ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ.

Ìrọ̀lẹ́ làwọn onínṣọ́ránsì pè. Wọ́n ní àwọn ti dé ibi tí mo wà, àwọn ò rí mi! Nígbà tí wọ́n wá wo mọ́tò lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní bẹ́líìtì ló gbó, pé àwọn kì í tún ohun tó gbó ṣe. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé ohun tuntun ló máa ń bàjẹ́ ni? Olè ni wọ́n! Mo ti sọ fún wọn pé wọn ò ní rí kọ́bọ̀ mi mọ́.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò já mi kulẹ̀. Àìná ni ọmọ wa ń jẹ́. Wásíù, má sápamọ́ sẹ́yìn òpó yẹn, a ti rí ẹ. Fèyí, gbé Àìná fún un. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀, kí Wásíù náà gbé e sókè kí gbogbo ìjọ rí i.