Bàbá Mi Fi Àtàǹpàkò Ba Àwòrán Mi Jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń fi rẹ́rìn-ín yìí. Ọdún gbọọrọ ni mo fi yẹra fún ilé bàbá tó bí mi ní Iléṣà, èmi ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí! Ta ni yóò dá àwọn ọdún yẹn padà fún wa?

Aṣọ ni bàbá mi ń tà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń di aṣọ sí, tí wọ́n á gbé e dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀tan-Ilé, kó tó di pé wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni wọ́n fẹ́ kó jogún ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n ojú mi kò sí lára aṣọ rárá. Òkè tí kùrukùru bò láàárọ̀ ni mò ń wò, àti kòkó tí wọ́n sá síta, àti obìnrin tó ń gbọn omi kúrò lára ewébẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì rírọ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí àwa ayàwòrán ń pè ní pásítẹ́ẹ̀lì, ni mo fi ń yà wọ́n, ìka mi ni mo sì fi ń po àwọ̀ pọ̀ lórí pépà.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ fún bàbá pé iṣẹ́ tí mo yàn nìyí, mo gbé èyí tó wù mí jù wá: òkè Ìpetu lẹ́yìn òjò. Àwọn àbúrò wọn wà níjòókòó. Bàbá pọ́n àtàǹpàkò lá, wọ́n sì fi ra àwòrán náà gbọnyin, bí wọ́n ṣe máa ń dán aṣọ wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Yéè! Òkè mi di ẹrẹ̀. Wọ́n na àtàǹpàkò aláwọ̀ ewé sókè. "Uṣẹ́ tó ń ṣí báyìí, ṣé uṣẹ́ nìyí? Ayédèrú ni, ọmọ mi." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú wọn mọ̀ ni wọ́n fi wò ó, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo fi gbé àwòrán mi jáde.

Mo bá kó lọ sí Òṣogbo, mo háyà yàrá kan ní Ìgbọ̀nà, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwòrán yíyà. Inú ń bí mi, mo sì ń yà. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín oògùn tó ń mú àwọ̀ dúró àti bí wọ́n ṣe ń fi gíláàsì bò ó. Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè mi, títí wọ́n fi ní kí n wá pàtẹ iṣẹ́ tèmi nìkan sí gbọ̀ngàn ńlá kan. Màmá mi ló lọ sọ fún bàbá. N kò retí wọn rárá.

Bàbá wá o! Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Iwájú àwòrán ojú ọ̀nà Ọ̀tan-Ilé ni wọ́n lọ dúró sí, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. "Ulé ìyá tó máa ń fún mi lómi mu tí mo bá ń kiri aṣọ rèé." Nígbà tí wọ́n kọjú sí mi, omi ti lé sójú wọn. "Ọ̀nà yìí ni mo gbà ní gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi, n kò rí i báyìí rí." Wọ́n wá pariwo sí àwọn àlejò: "Ẹ wá wo uṣẹ́ ọmọ mi!" Ayọ̀ mi kún, mo dì mọ́ wọn níwájú gbogbo ayé.

Wàhálà tuntun ló wá dé báyìí. Bàbá ní kí n ya àwòrán àwọn náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fi ewú kankan sí i! Ewú yẹn gan-an ló sì wù mí jù lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá bíi tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ya ohun tí mo rí ni, àbí kí n ṣe tiwọn? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, wọ́n ti wọ agbádá, wọ́n sì ti jókòó dè mí.