Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ara Wọn Lórí Yìnyín

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ gbọ́ mi. Mi ò kàwé púpọ̀, ohun tí mo rí náà ni n ó sọ. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti pàgọ́ sídìí pèrègún tó pààlà oko, òun lọ́hùn-ún, èmi níhìn-ín, tìbọn-tìbọn, kálukú ń bẹ̀rù pé èkejì yóò hú pèrègún náà. Èéfín rẹ̀ nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo gbàdúrà tán nínú àgọ́, oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin kan aláṣọ funfun fọwọ́ kàn mí, ó ní, "Dìde, ká lọ." Ó di ìpẹ̀kun ayé níhà àríwá, níbi tí òkun ti dì gbagidi bí òkúta. Kò sí igi, kò sí ẹyẹ. Mo rí ọkọ̀ ogun àwọn ìjọba ńláńlá, mo rí èyí tó ń rìn lábẹ́ omi, ẹnu ìbọn wọn dojú kọra. Àwọn ọ̀gágun tó kó wọn wá ti rì sínú yìnyín dé ọrùn, síbẹ̀ wọ́n ń pariwo, "Tèmi ni! Tèmi ni!"

Mo ní, "Alàgbà, kí ni wọ́n ń jà lé lórí?"

"Epo tó wà nísàlẹ̀, àti ọ̀nà ọkọ̀."

Ọmọ ogun méjì dúró, omi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan là wọ́n láàárín. Ọ̀kan ń fi èkejì ṣẹ̀sín: "Àsíá yín ti rìn wá sọ́dọ̀ wa o! Wá mú un bí o bá láyà!"

"Olè! Ìwọ lo jí i gbé!"

Amọ̀nà mi mi orí. "Kò sẹ́ni tó jí i. Yìnyín tí wọ́n ri àsíá mọ́ ló ń rìn. Wọ́n gbin ààlà sórí ohun tí kì í dúró."

Nígbà tó yá, ohùn ẹni àkọ́kọ́ rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà. Má sún mọ́ ibí."

"Mi ò ní sún mọ́ ọ. Sáà máa sọ̀rọ̀."

Afẹ́fẹ́ gbá ohùn wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín dún gbàù bí ààrá, ó là, ó ń là bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sá, ẹsẹ̀ mi ò mú ilẹ̀, mo ké, ohùn ò jáde, àgọ́ kan ló wà níwájú mi yìí, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó, ẹní mi ló wà nílẹ̀, ìbọn mi ló fara ti ògiri, àgọ́ mi ni!

Amọ̀nà ní, "Àyè rẹ rèé."

Ó fà mí kọjá. A dé ilé kan tó móoru, àwọn ẹni ìsinmi jókòó yí iná kan ṣoṣo ká, àwọn tó ti bára wọn ṣọ̀tá rí ń bu iṣu sísun fún ara wọn. Bàbá mi wà láàárín wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wò mí, ẹ̀yìn mi ló ń wò.

"Ìwọ nìkan lo dé? Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

Mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Ó dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Mo jí lójú oorun, oòrùn ń ràn, síbẹ̀ otútù ń mú mi. Mo fi ìbọn sílẹ̀, mo rìn dé ìdí pèrègún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ó ké láti òdìkejì. "Má sún mọ́ ibí o!"

"Mi ò ní sún mọ́ yín. Ẹ sáà máa sọ̀rọ̀."

Ó wọ àgọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mò ń padà lọ pè é lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ẹ̀ ń ṣọ́, ẹ pè é lórúkọ lónìí. Orí yìnyín yẹn tutù o, ohùn èèyàn kì í rìn jìnnà níbẹ̀.