Lẹ́tà tí Mo Kà fún Màmá Onísólà

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ìwé tí ẹ ní kí n kọ kọ́ nìyí. Ẹ ní kí n kọ̀wé sí Bọ̀dá Onísólà pé ìyá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wá sin ín, nítorí pé ọ̀dàlẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ àdúgbò tó dà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó ti bébà, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Bí ọ̀dàlẹ̀ kò bá gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ yìí, èmi ló yẹ kí n máa káṣọ sínú àpò. Odidi ọdún kan ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Lónìí, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta.

Ẹ rántí ìgbà tí ìjọba gbé òfin sólà dé. Wọ́n ní ilé tó bá ní páńẹ́lì lórí òrùlé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ó sì máa sanwó lóṣooṣù lórí páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ pé wáyà ìjọba kankan kò wọ ilé náà. Páńẹ́lì tí wọn kò bá bá nínú ìwé, wọ́n á tú u gbé lọ, wọ́n á sì tún bu owó ìtanràn lé ẹni tó ni ín. Alága wa dìde nípàdé, wọ́n ní, "Oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ mú yìí o. Ẹ rọra máa mí, kí wọ́n má baà gbọ́." A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lọ forúkọ sílẹ̀. Tapólì la rà. Olúkúlùkù so tirẹ̀ mọ́ etí òrùlé, pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní Wòkè-wòkè bá ti ń bọ̀, a óò fà á bo páńẹ́lì bí ẹni pé òrùlé ń jò. Àdúgbò tí gbogbo òrùlé rẹ̀ ń jò lọ́jọ́ kan náà! Èmi lẹ sì ní kí n máa ṣọ́nà, nítorí pé yàrá mi wà lókè ní oríta, mo sì máa ń jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀, tí mò ń gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì fún télọ̀. Bí mo bá ti rí ọkọ̀ funfun, kí n fi tówẹ̀lì pupa kọ́ fèrèsé. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ mí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró. Ìwé ìtàn tí mo ń yá kà ló kọ́ mi ní ìyókù, Bọ̀dá Onísólà, tó gbé páńẹ́lì sórí òrùlé gbogbo wa, ló sì ń bá mi yá wọn. Ilé tó bá ti lọ tún bátìrì ṣe, bó bá rí ìwé níbẹ̀, á tọrọ rẹ̀ fún mi. Inú àpò irinṣẹ́ ló máa ń kó wọn sí, láàárín wáyà àti òòlù. Á ní, "Àbúrò, má ṣẹ́ etí eléyìí o, ìyàwó adájọ́ ló ni ín. Bí wọ́n bá jù mí sẹ́wọ̀n, ìwọ lo máa gbé oúnjẹ wá." Mo ti fi í ṣe ọkọ lọ́kàn mi tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ tí Wòkè-wòkè dé, mo ka ìwé kan dé ibi tí obìnrin inú rẹ̀ ti dúró sí èbúté, tó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó gbé ọkọ rẹ̀ lọ títí ó fi kéré bí èèrà. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́nu mi. Mo ń gbóòórùn omi iyọ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ọkọ̀ funfun ti dúró sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Oníyìnyín, àkàbà ti fara ti ògiri. Orí itan mi ni tówẹ̀lì wà.

Páńẹ́lì ilé méje ni wọ́n tú gbé lọ. Yìnyín Ìyá Oníyìnyín yọ́, ó ṣàn láti inú fírísà dé ojú ọ̀nà. Bọ̀dá Onísólà wà lórí òrùlé kan tó ń nu páńẹ́lì. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó tọ Wòkè-wòkè lọ, ó ń fọwọ́ sáyà, ó ń nàka sí ilé Ìyá Oníyìnyín. Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó fi ti opó yẹn sílẹ̀. Ẹ rí ọwọ́ rẹ̀, ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nípàdé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alága bi mí pé, "Ọmọ yìí, ṣebí ìwọ lo wà lókè. Kí ló dé?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé, sà. Ilé tó ní páńẹ́lì nìkan ni wọ́n sì ń yà sí, bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún."

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí irọ́ mi ti mọ́ tónítóní tó! Ìyá Oníyìnyín ló fò sókè: "Ta ló mọ páńẹ́lì gbogbo wa bí kò ṣe ẹni tó gbé wọn gòkè? Ta ni mo rí tó ń nàka sí ilé mi?" Ariwo sọ. Bọ̀dá Onísólà kò wo ẹlòmíràn bí kò ṣe èmi. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù. Ẹni tó mọ òótọ́ wà níbí, yóò sọ ọ́." Ó dúró. Mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ ju àkàbà rẹ̀ sínú kòtò, kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó ti kó kúrò nílùú. Ẹ wá fi èmi ṣe akọ̀wé, ẹ ní mo gbọ́n.

Lẹ́yìn oṣù méjì, dírẹ́bà kan mú lẹ́tà rẹ̀ wá fún ìyá rẹ̀. Màmá ò mọ̀wé, etí wọn sì ti di, fóònù kò wúlò fún wọn. Wọ́n bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, níbi tí ẹ pọ̀ sí pẹ̀lú garawa yín. "Kà á sókè, ọmọ mi, o mọ etí mi." Ohun tó kọ rèé: "Màámi, mo wà láàyè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè yín ní ìyá ọ̀dàlẹ̀. Èmi kọ́. Ọmọ tó ń ṣọ́nà ni kò ṣọ́nà. Mo súfèé pè é títí láti orí òrùlé, ìwé tí mo yá a ló ń kà, kò gbọ́. Mo dákẹ́ nípàdé kí ó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni." Bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa gbé e fún. Bóyá àyè kejì ló fún mi.

Mo ka "mo wà láàyè" síta. Gbogbo yín ń gbọ́. Mo fi ẹnu mi sí etí Màmá, mo sì kígbe bí ẹni pé inú lẹ́tà ni mo ti ń kà á, pé, "Màámi, ẹ dárí jì mí. Èmi ni. Wòkè-wòkè fún mi lówó."

Wọ́n ní, "Kí lo wí?"

Mo tún un kígbe. Ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n.

"Ọmọ mi? Èyí tó máa ń dá ìṣó tó bá ṣẹ́kù padà fún onílé?" Wọ́n yíjú, wọ́n ń lọ. Lẹ́tà ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Màmá ta irinṣẹ́ ọmọ wọn àti páńẹ́lì orí ilé tiwọn, wọ́n fi san ìtanràn Ìyá Oníyìnyín. Wọ́n kúnlẹ̀ ní ilé méjèèje. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi orúnkún tó ń ro wọ́n gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá mi, wọ́n kúnlẹ̀ fún èmi ọmọ àná. Wọ́n ní, "Bọ̀dá rẹ fojú rẹ gbolẹ̀ láàárín àwọn tó fi iṣẹ́ ṣíṣọ́ sí ọ lọ́wọ́. Dákun, bá mi fojú fò ó."

Mo ní, "Ẹ dìde, Màmá. Mo ti dárí jì yín."

Èmi! Èmi ni mo dárí jì wọ́n!

Lẹ́tà mẹ́rin ló tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Màmá ní kí dírẹ́bà dá wọn padà, pé àwọn ò lọ́mọ. Ìgbàkígbà tí ó bá ti dá ọ̀kan padà, oorun á kùn mí dáadáa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n kú, ojú wọn kọ sí ògiri. Gbogbo wa sì ti forúkọ páńẹ́lì wa sílẹ̀ báyìí, à ń san owó náà lóṣooṣù bí ọmọ gidi. Nítorí owó tí a padà ń san, a lé èèyàn lọ.

Ẹ̀yin ọmọdé tó ń wá yá ìwé lọ́wọ́ mi, ẹ kàwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àṣìṣe mi kò ju ojú ìwé méjì lọ. Irọ́ tí mo fi bò ó ló pa ìyá oníyàá.

Lẹ́tà rẹ̀ ni mo fi abẹ́rẹ́ gún mọ́ ìwé yìí. Ẹ fún ẹlòmíràn kà, ẹ má fún mi. Mo ti kọ tèmi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Onísólà: mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kú, mo sọ ohun tí mo kà sí wọn létí, mo ní kí ó máa bọ̀. Ọ̀la ni yóò dé. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì, kò sí bí mo ṣe lè kígbe tó tí wọn yóò gbọ́. Ẹ lé mi bí ẹ bá fẹ́, mo ti di ẹrù mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ó sin ìyá rẹ̀.