Ọjọ́ Tí Mo Kọ̀ Láti Ki Dókítà Ilé Wa

Ara mi kò balẹ̀. Mo ń jókòó, mo ń dìde, mo ń ti ojú fèrèsé lọ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí pé nínú agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́. Àwọn tí wọ́n máa ń yà kí mi láàárọ̀ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Bàbá Mógàjí, olórí ẹbí wa, kì í dáhùn ìkíni mi mọ́. Kí ni mo ṣe? Mo pa ẹnu mọ́ ní ọjọ́ tí gbogbo wọn fẹ́ kí n la ẹnu.

Èmi ni àkọ́bí bàbá mi. Mo ka ìwé girama parí nígbà tí ọmọbìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní àdúgbò wa, mo sì ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí láti Mápó títí dé Bẹyẹrúnkà ni pé èmi ni mo mọ ìtàn ẹbí wa. Mo mọ ẹni tó bí ta ni, mo mọ ẹni tí wọ́n sin sábẹ́ yàrá wo, mo sì mọ oríkì àwọn baba wa tí wọ́n jẹ́ jagunjagun, n kì í fo ọ̀kan. Nílé wa, bí ẹnì kan bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun tó le, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń mú un wá kí n kì í. Nígbà tí oríkì náà bá kan baba wa tó gbé ọ̀kọ̀ dúró lẹ́nu odi ìlú, ẹni tí mo ń kì gbọ́dọ̀ dìde dúró. Bó bá sì ti dìde, kò tún lè sọ pé òun kò lọ mọ́. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni Dókítà. Àkànní ni ìyá wa ń pè é. Iléeṣẹ́ ológun ló rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì di dókítà sójà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí òkè Ọya, mo kì í, ó dìde. Nígbà tí ó di Mejọ̀, tó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ kí òun dá ilé ìwòsàn kékeré sílẹ̀, Mógàjí ní kí n kì í, ó dìde, kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́. Nígbà tí ogun Làìbéríà dé, mo tún kì í.

Ìsinmi tó bá gbà wálé kì í ṣe ìsinmi rárá. Kó tó bọ́ bàtà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ti kún: ẹlẹ́sẹ̀ wíwú, ọlọ́mọ tó ń wúkọ́, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe tó kàn fẹ́ kí dókítà fọwọ́ kan òun. Mo rántí arúgbó kan tó ya ẹnu rẹ̀ sí i lójú.

"Dókítà, bá mi wo eyín yìí."

"Ìyá, èmi kì í ṣe dókítà eyín o."

"Àbí eyín ò sí lára èèyàn ni? Ṣáà wò ó!"

A máa ń rẹ́rìn-ín. Dókítà náà á rẹ́rìn-ín, á sì wo eyín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni owó oṣù rẹ̀ ń gbà lọ. Òun ló fi páànù tuntun bo gbogbo agbo ilé, òun ló rán Mógàjí lọ sí Mẹ́kà, òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ ẹni tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, kò ní yàrá kan tó lè pè ní tirẹ̀ níbì kankan. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Yemẹtù, sọ ọ́ títí, ó sú u.

Ó ti Làìbéríà dé, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di ife tíì mú. Lọ́jọ́ kan tí àwa méjèèjì jọ lọ sí Ọjà'ba, wọ́n ṣíná sí ẹ̀rọ ìlọta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àfi gbì! Dókítà ti dojú bolẹ̀, ó ti fi ọwọ́ bo orí. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tilẹ̀ pariwo pé, "Ẹ wá wo sójà tó ń sá fún ata!" Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ rí dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ta ni yóò wò mí? Èmi ni wọ́n ń kó àwọn tó ń ṣe bí èyí wá bá."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ dé láti ibi iṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi í ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn àwọn ológun kan ní òkè Ọya. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Òkè Bọ́lá ní kó wá máa bá òun ṣiṣẹ́, láàárọ̀ sí ọ̀sán péré. Ẹ lè mọ èyí tí ẹbí fẹ́. Mógàjí pè mí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ta ló tíì dé irú ipò yẹn rí nínú wa? Ìwọ ṣáà kì í lọ́la lẹ́yìn Jímọ̀, yóò lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Dókítà wọ yàrá mi.

"Àǹtí, ṣé ẹ máa kì mí lọ́la?"

"Wọ́n ní kí n kì ọ́."

"Bí ẹ bá kì mí, màá dìde, màá sì lọ."

"O lè jókòó, kò sẹ́ni tó so okùn mọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí ẹ bá ti dé ibi ọ̀kọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi kì í gbọ́ tèmi mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀." Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. Wọ́n ń gbọ̀n. "Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń rán ojú ọgbẹ́, Àǹtí. Wọn ò kọ́ wa bí a ṣe ń sùn lẹ́yìn rẹ̀." Kò bẹ̀ mí pé kí n má kì òun. Ó kàn jáde lọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé pé jọ síwájú ìta. Lemọ́mù ṣàdúrà, wọ́n ṣe àmín, ojú gbogbo wọn wá yí sọ́dọ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ki bàbá wa, mo ki bàbá bàbá wa. Bí ó ti ku díẹ̀ kí n dé ibi ọ̀kọ̀, mo rí i tí Dókítà gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń múra àtidìde. Ọwọ́ yẹn ni mo rí. Ohùn mi dá.

"Àkànní," mo ní, "jókòó."

Mógàjí ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní kó jókòó. Ó ti dúró pẹ́."

Ẹnì kan ní, "Àgbà ti dé sí wọn, wọ́n ti gbàgbé!" Èmi! Mo ní n kò gbàgbé nǹkan kan. Dókítà ṣí fìlà, ó fi bo ojú, kò dìde.

Dókítà kọ̀wé fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti di ọ̀tá ilé. Wọ́n ní mo fi ọwọ́ ara mi pa iná tó ń tàn fún wa. Nígbà mìíràn, ọkàn mi á ní, bó bá jẹ́ pé ipò yẹn ni ìbá wò ó sàn ńkọ́? Bí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò bá tètè jáde ńkọ́? Ṣé èmi ni yóò bọ́ ọmọ rẹ̀? N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, ẹ̀yin tí ẹ ní dókítà sójà nílé, ẹ jẹ́ kó kọ́ ilé tirẹ̀ kó tó fi páànù bo tiyín. Bó bá wálé, ẹ lé èrò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ sì wá dókítà mìíràn tí yóò wo òun náà, nítorí èèyàn ni.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òkè Bọ́lá, ẹ̀rù sì ń bà á. Láàárọ̀ yìí, ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ kì mí."

Mo ní, "Kí n kì ọ́ kẹ̀?"

"Kì í ṣe tilé bàbá wa. Tilé ìyá wa ni kí ẹ kì mí."

Ọmọ aláṣọ òfì ni ìyá wa, láti Ìsẹ́yìn, àwọn tó máa ń jókòó ti iṣẹ́ wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Tó bá ń wẹ̀ wá, ó máa ń kì wá ní oríkì ilé wọn, ṣùgbọ́n n kì í fetí sí i, nítorí pé kò sí ogun nínú rẹ̀. Èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rántí, ó sì ń sá fún mi bí mo ti ń wá a.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá jẹ́ ọmọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn, tó mọ oríkì wọn, kó wá kọ́ mi kó tó di ọjọ́ Ajé. Kó béèrè agbo ilé Dókítà sójà ní Bẹẹrẹ. Bí àwọn tó wà níwájú ìta bá ní àwọn kò mọ̀ mí, kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ó jókòó.