Ẹsẹ̀ Tó Lè Pọnmi Tí Kò Lè Kúnlẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú àárọ̀ o. Ọlọ́run tó dá orúnkún kí a tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà mi ò ní pẹ́.

Láti Èmùré ni wọ́n ti fẹ́ mi wá sí Ìkéré níbí. Tíṣà ni ọkọ mi. Ìyá wọn ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú yẹn, Ìyá Ìjọ wa. Àwọn ló mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Láti ìgbà tí a ti fi sìmẹ́ǹtì sí ilẹ̀ yìí, orí ìkúnlẹ̀ la ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, láti ẹnu ọ̀nà dé pẹpẹ.

Bí orúnkún mi ọ̀tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú nìyẹn. Iwájú rẹ̀ gan-an ló wú, bí àgbálùmọ̀ kékeré. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀, bíi pé omi wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ń rìn, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Ṣùgbọ́n kí n kúnlẹ̀ lé e, yéè!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ kí Ìyá, orúnkún kọ̀. Mo kàn tẹríba, mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n wò mí tí mo gbé ìkòkò lọ sódò, tí mo pọnmi dé. Ẹsẹ̀ tó lè pọnmi, tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ! Wọ́n ní ìwé tí mo kà ló ń gùn mí. Wọn ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Wọ́n ní kí ọkọ mi dá mi padà sí Èmùré, kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Èmi náà ò sì lè ká ìró sókè níwájú ìyá ọkọ mi kí wọ́n lè rí i. Ojú ń tì mí, ó sì dùn mí gan-an.

Mo wá gbé e fún Ọlọ́run. Níbo lẹ rò pé mo ti ń gbàdúrà? Orí ìkúnlẹ̀ ni, mo ń fi ara da ìrora, lórí sìmẹ́ǹtì yìí náà, láràárọ̀! Bí mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run kó wo orúnkún sàn ni orúnkún ń wú sí i. Àwọn kan ní mo tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí i, kí omi ibẹ̀ jáde.

Ọkọ mi fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ilẹ̀ ibo lẹ ń fọ̀?” Mo ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àpò omi kékeré kan wà lábẹ́ awọ orúnkún tí kì í jẹ́ kí awọ àti eegun máa ha ara wọn, ìkúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ líle ló bí i nínú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ kàn án. Kí n sinmi, kí n gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí n máa fi aṣọ tí a rẹ sómi tútù lé e, kí n má sì kúnlẹ̀ títí yóò fi lọ sílẹ̀. Bí ó bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì dé, kí n sáré padà wá. Mo ní, àdúrà mi ńkọ́?

Ó ní, “Ẹ jókòó gbà á. Ọlọ́run ń gbọ́ ti ẹni tó jókòó.”

Ìdáhùn àdúrà mi nìyẹn o!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá wọlé bá mi tí mo nà gbalaja, ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ìyàwó tó ń sùn lọ́sàn-án! Wọ́n ti la ẹnu láti bú mi kí wọ́n tó rí aṣọ tútù yẹn. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi ìka tẹ orúnkún náà. Wọ́n bi mí pé, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n lọ tún aṣọ náà rẹ sómi, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì fi lé orúnkún padà. Wọ́n jẹ oúnjẹ mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, àwọn obìnrin bá àpò kòkó tí Ìyá ká sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí olúkúlùkù máa fi sábẹ́ orúnkún. Díẹ̀díẹ̀ ni tèmi lọ sílẹ̀. Ó ti lọ pátápátá báyìí. Ògo fún Ọlọ́run!

Ìyá, ó pẹ́ tí mo ti kúnlẹ̀ kí yín kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú ìjọ. Ẹ káàárọ̀ o, mà... Háà! Ẹ gbọ́ wọn bí? “Uyàwó, dúró! Ulẹ̀ le!” Wọ́n ní ilẹ̀ le! Ẹ bá mi yọ̀, gbogbo ìjọ, ẹ ké halelúyà! Wọ́n ti dìde, wọ́n ń lọ gbé àpò kòkó wá fún mi.